Níbo Lo Gbé E Sí? Àkọsílẹ̀ Òru Mẹ́ta Láàárín Mushin àti Houston

Iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìdí-Àràbà, ní Mushin, mo sì ti wà nídìí ẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Bí iná bá lọ, èmi ni wọ́n ń wá. Bí iná bá dé, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mí mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lóṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí iná lọ nílé àbúrò mi ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, nínú òtútù tí irú ẹ̀ ò mú níbẹ̀ mọ́ láti ọdún 1989. Òru mẹ́ta la fi wà lórí fóònù. Màmá wa máa ń sọ ìtàn náà fáwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ó sì máa ń dùn lẹ́nu ẹ̀. Àmọ́ ibì kan wà níbẹ̀ tí Màmá ò mọ̀, torí a ò tíì sọ fún un títí dòní. Ibẹ̀ gan-an ló mú kí n jókòó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ilé náà. Àwọn márùn-ún ló ń gbé ibẹ̀: àbúrò mi, ìyàwó wa, ọmọkùnrin ọdún méje, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin, àti ọmọ ọwọ́ olóṣù mẹ́jọ. Ilé onípákó ni, wọ́n fi nǹkan bí òwú di inú ògiri ẹ̀, fèrèsé ẹ̀ sì pa dé débi pé bí mọ́tò bá fọn fèrè níta, ẹ ò ní gbọ́. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń mú ilé gbóná, òun náà ni wọ́n fi ń dáná. Ní tiwa ní Mushin, gíláàsì fèrèsé pálọ̀ méjì ti fọ́ tipẹ́, búlọ́ọ̀kù oníhò wà lókè ògiri ilé ìdáná, àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn sì fẹ̀ tó ibi tí eku ń gbà láìtẹ̀ba. A ti ń bínú sí àwọn ihò yẹn lọ́pọ̀ ọdún nítorí ẹ̀fọn. N kò mọ̀ pé àwọn náà ló ń jẹ́ ká jí láàárọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Kejì

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti kọjá díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Lọ́dọ̀ tiwọn, aago méjì òru ni, torí wákàtí méje la fi ṣáájú wọn. Mò ń tú kabúrétọ̀ kan lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún.

“Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀ o. Wọ́n ti mú iná lọ.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ṣé o ti wá gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni? Lọ sùn jàre.”

“Bọ̀dá, kì í ṣe eré. Yìnyín ti bo mọ́tò mi.”

Ó fi fóònù hàn mí. Mọ́tò ẹ̀ tí mo mọ̀ ní dúdú ti di funfun bí ẹni pé wọ́n da èlùbọ́ ògì lé e lórí. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu mi.

Ohun tó mú iná náà lọ yé mi nígbà tí mo kà nípa ẹ̀ lẹ́yìn náà, ó tiẹ̀ yé mi ju bó ṣe yé àbúrò mi tó ń gbébẹ̀ lọ. Ẹ ti rí jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé gílóòbù mẹ́rin àti tẹlifíṣọ̀n, tí ẹnì kan wá yọ́ lọ ki áyọ́ọ̀nù bọ iná. Ohùn ẹ̀ á wálẹ̀, á máa kérora, gílóòbù á máa ṣẹ́jú. Bí ẹ ò bá tètè fa nǹkan kan yọ, ó ń kú lọ nìyẹn. Ohun tó ṣe Texas nìyẹn. Òtútù dé, gbogbo ilé tan hítà lẹ́ẹ̀kan náà. Òtútù yẹn kan náà ló di àwọn kànga gáàsì àti páìpù tó ń gbé gáàsì lọ fáwọn ẹ̀rọ iná. Àwọn ẹ̀rọ náà fúnra wọn ń dákú. Ìyípo iná wọn, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó yẹ kó dúró sí 60, já wálẹ̀ sí 59.3. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á ní kí ló wà nínú ìyẹn. Bó bá wà nísàlẹ̀ 59.4 fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré, àwọn ẹ̀rọ ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í já ara wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa bàjẹ́, gbogbo ìpínlẹ̀ sì lè ṣókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó lò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ níbẹ̀. ERCOT, àjọ tó ń darí iná Texas, wá ṣe ohun tí mo máa ń ní káwọn oníbàárà mi ṣe: wọ́n fa áyọ́ọ̀nù yọ. Àmọ́ áyọ́ọ̀nù tiwọn, ilé àwọn èèyàn ni. Ilé àti ilé-iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 4.5 ló bọ́ sínú òkùnkùn. Wọn ò sì lè yá iná tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wọn ká, torí wáyà Texas fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró pátápátá sí ti ìyókù Amẹ́ríkà. Tiwa níbí, Òṣogbo ni wọ́n ti ń darí ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Bó bá wó, a jọ wó ni.

Wọ́n kọ́kọ́ sọ pé àwọn á máa yí i ká, wákàtí díẹ̀ fún àdúgbò yìí, wákàtí díẹ̀ fún tọ̀hún. Kò yí. Ohun tí wọ́n gé ti pọ̀ jù, ìwọ̀nba láìnì tó kù sì ni èyí tí ọsibítù wà lórí ẹ̀. Ará Èkó mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi máa ń béèrè láìnì kí wọ́n tó béèrè owó ilé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ bí ọ̀gá. Pọn omi kún gbogbo ohun tó bá lè gba omi, má yọ bàfù ìwẹ̀ sílẹ̀. Pa fóònù kan, máa lo ẹyọ kan. Bó o bá fẹ́ fi mọ́tò ṣájì fóònù, ìta ni kó o ti tan án, má tan án nínú gáréèjì. Ó ní òyìnbó àgbàlagbà kan tí ilé wọn sún mọ́ra ti ní kó jẹ́ kí ẹ̀rọ omi máa kán tó, tó, tó, torí omi tó ń rìn kì í tètè dì, bó bá sì dì sínú páìpù, páìpù á bẹ́. Ìyẹn, èmi ò mọ̀ ọ́n. Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Omi tó wà nínú páìpù tiwa, bó bá ti dé náà la ti ń dúpẹ́.

Nígbà tí mo délé lálẹ́, Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. “Ṣé ẹ ní èédú nílé?”

Àbúrò mi ní àpò kan wà lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n fi ń sun ẹran nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

“Ó dáa. Da ẹyin iná sínú agbada, gbé e sáàárín pálọ̀, kẹ́ ẹ yí i ká. Bá a ṣe ń ṣe ní Ṣakí nìyẹn bí ọyẹ́ bá mú.”

Mo já fóònù gbà. Mo kígbe pé, “Màmá, ẹ fẹ́ pa wọ́n ni?” Kò dáa kí ọmọ fi irú ohùn yẹn bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀, mo mọ̀. Màmá wò mí, ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Òótọ́ ni Màmá sọ nípa Ṣakí o. Mo gbọ́njú bá a. Ṣùgbọ́n ilé Ṣakí tí mo mọ̀, àárín páànù àti orí ògiri ṣí sílẹ̀ gbayawu, èéfín á gbabẹ̀ lọ bá Ọlọ́run. Èédú tó ń jò nínú ilé tó pa dé máa ń tú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò dà bí èéfín tó ń ta ni lójú. Bẹ́ ẹ bá fà á símú, á dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí ojúlówó afẹ́fẹ́ ṣe ń dì mọ́ ọn lọ, kò sì ní í jẹ́ kí èyí tó yẹ ráyè wọlé. Orí á kọ́kọ́ fọ́, òòyì á kọ́ni, èébì á gbéni. Bí Èkó ṣe rí yìí, ibà la máa pè é, a ó lo oògùn ibà, a ó sùn. Mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti ní oníbàárà kan, ó kéré tán, tó sùn tí kò jí. Èmi náà ní.

Nítorí náà, mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Èmi tí mo kígbe mọ́ Màmá nítorí èédú, ohùn yẹn kan náà ni mo fi sọ pé, “Wá jẹnẹrétọ̀. Bó ti wù kó kéré mọ. Kó o sì má gbé e síta o, wọ́n á jí i gbé. Gáréèjì ni kó o gbé e sí, kó o ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ díẹ̀.”

Ẹnu èmi ni ó ti jáde. Olè ni mò ń rò. Ní àdúgbò wa, jẹnẹrétọ̀ tó bá sùn síta kì í ṣe tẹni tó rà á mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọjọ́ yìí ló burú jù. Ó lọ sí 11 nísàlẹ̀ òdo. Kó lè yé yín: òdo ni omi ti ń di yìnyín, ọyẹ́ tó sì le jù ní Èkó, tá a ń tìtorí ẹ̀ wọ súwẹ́tà, kì í sábà lọ sísàlẹ̀ 20. Àbúrò mi ní òróró tí wọ́n fi ń dín nǹkan ti dì bí òrí nínú ìgò. Ó ní àwọn ń rí èémí ara àwọn nínú pálọ̀.

Màmá ti dárí jì mí, àbí kí n sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ kò jẹ́ kó ráyè bínú. Ó gba fóònù, ó sì ń béèrè bí agbẹjọ́rò. Yàrá wo ló kéré jù? Wọ́n ní ibi kékeré kan tí wọ́n ń kó aṣọ sí, kò ní fèrèsé rárá. Ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ilẹ̀ síbẹ̀, kí gbogbo wọn wọ ibẹ̀. Kí wọ́n má fi ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán sílẹ̀, torí ilẹ̀ ló ń fa ooru ara jù. Àwọn aṣọ òkè ìgbéyàwó dà? Ìyàwó wa ní wọ́n wà nínú àpótí, aṣọ ọlọ́jọ́ pàtàkì ni. Màmá ní, “Ọjọ́ wo tún ni ọjọ́ pàtàkì?” Bí wọ́n ṣe fi agbádá aṣọ òkè bo àwọn ọmọ nìyẹn, tí wọ́n sì fi kúbùsù dí ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọmọ ọwọ́. Ó ti wà nínú kúbùsù mẹ́ta, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ tutù. Màmá béèrè pé, “Ta ló gbé e pọ̀n?” Kò sí ẹni tó gbé e pọ̀n. Kúbùsù kì í dáná, ooru tó bá bá lára lásán ló ń pa mọ́, ọmọ kékeré ò sì ní ooru tó pọ̀ lára. Màmá ò sọ ọ́ báyẹn. Ó ní, “Kúbùsù kì í ṣe ìyá ọmọ. Bọ́ aṣọ ẹ̀ ku ìlédìí, kí ìwọ náà bọ́ ti ẹ̀yìn rẹ, kó o pọ̀n ọ́n mọ́ ara, kó o tó wá fi gbogbo aṣọ yòókù borí.” Wọn ò ní ọ̀já. Gèlè ni ìyàwó wa fi pọ̀n ọ́n, gèlè tó le kọ́ńkọ́ńkọ́ yẹn, ó ní ó ń dún bí bébà bóun bá mí. Láàárín wákàtí kan, ẹsẹ̀ ọmọ gbóná. Ọmọkùnrin náà ní òun náà fẹ́ kí wọ́n pọ̀n òun. Bàbá ẹ̀ gbé e sáàárín ẹsẹ̀ ẹ̀, ó fi agbádá bo àwọn méjèèjì, orí méjì ló yọ jáde lọ́rùn agbádá kan. Fọ́tò yẹn wà lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà mi bá wa dá sí i lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó ní kí wọ́n má bẹ̀rù gbígbọ̀n. Ara tó ń gbọ̀n ṣì ń jà. Bí ẹnikẹ́ni bá dẹ́kun gbígbọ̀n láìjẹ́ pé ara ẹ̀ ti gbóná, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń lọ́, tó kàn fẹ́ sùn ṣáá, ìgbà yẹn ni kí wọ́n pariwo. Ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má mu ọtí tìtorí òtútù: á dà bíi pé ó ń gbóná, ooru inú ló ń lé jáde. Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa oorun yẹn ló kù sí mi létí.

Ìrọ̀lẹ́ tiwọn, ẹlẹgbẹ́ àbúrò mi kan níbi iṣẹ́, ọmọ Nàìjíríà, yá a ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Ọmọ Nàìjíríà ni, ó ní méjì.

Aago mẹ́rin ìdájí

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ìṣẹ́gun ni lọ́dọ̀ wọn, Ọjọ́rú ti mọ́ lọ́dọ̀ wa. Ó pè láti fún mi láyọ̀. “Bọ̀dá, a ti níná! Láti bíi wákàtí kan báyìí. Ẹ gbọ́ ọ.” Ó na fóònù síbi tí ohùn ẹ̀rọ ti ń wá.

Mo gbọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rò ni pé ẹ̀rọ yẹn ń sáré jù. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ìyípo 60 ni tiwọn, 3,600 lẹ́ẹ̀kan ìṣẹ́jú ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń yí lọ́dọ̀ wọn, tiwa ń yí 3,000. Inú mi dùn. Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀rọ náà dáa.

Ìgbà náà ni etí mi gbọ́ nǹkan kejì. Ohùn jẹnẹrétọ̀ tó wà lóde máa ń lọ, kì í padà. Èyí ń padà. Ó ń lu ògiri, ó ń bọ̀ wá bá ara ẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù. Mo ti tan ẹ̀rọ tó pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀kùn ẹ̀ wà ní títì. N ò lè ṣi ohùn yẹn gbọ́.

“Níbo lo gbé e sí?”

“Gáréèjì, Bọ̀dá, bẹ́ ẹ ṣe wí. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà méjì. Atẹ́gùn pọ̀ níta, n ò lè ṣí i jù bẹ́ẹ̀.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n ti sùn. Èyí àgbà bì lẹ́ẹ̀kan, ó ní orí ń fọ́ òun. Ebi ni. Màmá ẹ̀ náà ní orí ń fọ́ òun.”

N kò mọ ohun tí mo sọ gan-an. Ìyàwó mi ní mo pariwo débi pé ará ilé kejì kan ògiri. Ohun tí àbúrò mi rántí ni pé mo ní, “Jí wọn! Jáde! Má dúró pa ẹ̀rọ, jáde!” Ó ní òun fẹ́ bi mí pé inú òtútù yìí kẹ̀? Àmọ́ ohùn mi ò jọ èyí tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè. Fóònù já.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni fóònù ò fi lọ. Mo mọ̀ torí mo ń wo aago ara ògiri. Màmá ń sùn ní yàrá kejì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú fíríìjì, ibi tí fóònù ti ń ṣájì, n ò sì lè dìde.

Wọ́n ti wà nínú mọ́tò nígbà tó pè padà, mọ́tò tó wà lójú ọ̀nà, tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbá yìnyín kúrò nídìí sàlẹ́ńsà ẹ̀ kó tó tan án. N ò kọ́ ọ ní ìyẹn; òun ló rò ó fúnra ẹ̀. Ọmọbìnrin náà ló ṣòro jí. Ó gbé e léjìká jáde bí àpò gàrí, atẹ́gùn tútù ló sì jẹ́ kó la ojú. Wọ́n pe 911. Iṣẹ́ pọ̀ fún àwọn panápaná lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó dé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan wọ inú ilé lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ nínú òtútù yẹn. Wọ́n gbé ìyàwó wa àti àwọn ọmọ méjì àgbà lọ sí ọsibítù, wọ́n fún wọn ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, kí ilẹ̀ tó mọ́ orí wọn ti wálẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kò ní nǹkan kan tí wọ́n rí.

Àwọn panápaná ló sọ fún un pé ẹsẹ̀ bàtà 20, ó kéré tán, ló gbọ́dọ̀ wà láàárín jẹnẹrétọ̀ àti ilé, kí ẹnu sàlẹ́ńsà sì kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ṣíṣí ilẹ̀kùn gáréèjì kò tó. Afẹ́fẹ́ náà máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn inú wọlé ni. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, ó ń rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun tijú.

Mo ní, “Èmi ni mo ní kó o gbé e síbẹ̀.”

Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ̀yin náà lẹ ní ká jáde.”

A ò tíì tún sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ìyókù ò gùn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ìdí igi kan lẹ́yìnkùlé, wọ́n fi wáyà gígùn fa iná wọlé. Wọ́n lò ó lálẹ́ Ọjọ́rú, wákàtí méjì méjì, kò sì sẹ́ni tó jí i. Iná dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Omi ìlú ò ṣeé mu láìsè títí di ọjọ́ Àìkú, àmọ́ bàfù tó kún fún omi wà nílẹ̀. Páìpù kan bẹ́ lókè àjà, òyìnbó àgbàlagbà yẹn ló bá wọn ti omi. Nígbà tí ìjọba Texas parí ìṣirò wọn, wọ́n ní èèyàn 246 ló kú nínú ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó ju ìdajì lọ, òtútù ló pa wọ́n. Àwọn 19, afẹ́fẹ́ carbon monoxide ni.

Màmá ní ọmọ pípọ̀n ló gba ilé náà là. Bó bá ti sọ débẹ̀, á fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn ara ẹ̀ pàá. Ó ti fi ọ̀já mẹ́ta ránṣẹ́ sí Houston, ọ̀kan fún ọmọ, méjì fún ìgbà míì. Ọ̀rọ̀ gáréèjì, kò mọ̀ ọ́n. Bó bá mọ̀, á rántí ohùn tí mo fi kígbe mọ́ ọn nítorí èédú, kò sì ní í sọ nǹkan kan, ìyẹn ni n ò lè gbà.

Ní ṣọ́ọ̀bù, n kì í jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ kankan jáde mọ́ láìbéèrè níbo ni wọ́n máa gbé e sí. Ẹni mẹ́wàá bá dáhùn, mẹ́fà á ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, nítorí olè. Mo ti kan ìṣó mẹ́ta mọ́ ara ògiri lápá ọ̀tún. Ṣéènì irin ló wà níbẹ̀, onígigùn mítà mẹ́jọ, pẹ̀lú ágádágodo. Mo máa ń tà á ní iye tí mo rà á.

“Ìdí igi,” ni mo máa ń wí. “Ẹ bá mi so ó mọ́ ìdí igi.”